Orúkọ Tí Wattie Fún Dod

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ẹja sámọ́nì létí odò Tay tiwa, Wattie Imrie ni wọn yóò júwe fún yín. Láti ìgbà èwe ló ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò kiri, tó ń fi ibi tí ẹja fara pamọ́ sí hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ìwọ̀ lọ. Òun ló sọ Dod Geddes di Ẹja Àná.

Ẹja àná ni a ń pe sámọ́nì tó ti wọ odò láti ọdún tó kọjá, tó ti yéyin tán, tó rù kan eegun, tó wá ń padà sókun. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara rẹ̀ a tún máa dán, a sì máa jọ ẹja tuntun. Dod, awakọ̀ bíi ti Wattie, ṣì í mú ní ọdún kan, ní ọjọ́ tí a máa ń ṣí odò fún ẹja pípa, ó sì kígbe pé ẹja àkọ́kọ́ ọdún ti dé. Wattie yọjú wò ó.

"Dod, ẹja tó bá wa jẹ Kérésì lo wá ń kí káàbọ̀! Ẹja Àná ni ìwọ náà!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà wà níbẹ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fi pè é níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fi pè é níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, a tún ṣí odò. Wọ́n fun fèrè, wọ́n da wisikí sí imú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, òtútù sì ń bu ni jẹ. Kò pẹ́ tí ọ̀pá ìwọ̀ obìnrin àlejò kan nínú ọkọ̀ Wattie fi tẹ̀ kọdọrọ. Wattie fi àwọ̀n gbé ẹja náà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnì kan, kí wọ́n má bàa gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Dídán nìkan ló rí.

"Ẹja tuntun! Àkọ́kọ́ ọdún! Màdáámù, ẹ kú oríire o!"

A sáré wá sétí omi pẹ̀lú ife wisikí. Wattie di ẹja náà mú nínú omi, nítorí òfin ni pé kí a tú u sílẹ̀. Ìgbà náà ni ìka rẹ̀ kan abẹ́ etí ẹja: kòkòrò wínníwínní kún ibẹ̀, irú èyí tí kì í sí lára ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun dé. Ó gbójú sókè, ó rí Dod tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí omi, tó ń wo ibi tí ìka rẹ̀ wà.

Dod nàró, ó gbé ife rẹ̀ sókè. "Ẹja tuntun ni, kò lábùlà. O kú iṣẹ́, Wattie. Tètè tú u sílẹ̀, jàre."

Wattie tú u sílẹ̀, ẹja sì lọ pẹ̀lú àṣírí rẹ̀. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ì bá sàn kí Dod bú u. Ẹni tó ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ pípẹ́ ló daṣọ bò ó yìí.

"Ẹ má tíì mu wisikí yẹn," Wattie ní. "Ẹja àná ni. Ojú mi ò ríran mọ́. Dod mọ̀, ó kàn ń bò mí láṣìírí ni. Láti òní lọ, èmi ni kẹ́ ẹ máa pè ní Ẹja Àná. Ẹ fi Dod sílẹ̀."

"Wattie, ta ló bi ẹ́ léèrè?" ni Dod kùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ fẹ́ fi Wattie ṣeré, ó pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ̀: "Ẹja Àná! Tíì ti hó o!"

Wattie ti ń dìde. Ṣùgbọ́n Dod ló dáhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Mò ń bọ̀," ó ní, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì lọ gba tíì rẹ̀.

Wattie jókòó padà, kò sì lè wo ojú rẹ̀.