Àrọ̀ Inú Àmù Opó

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó nínú yàrá kan ní Ìdó-Ilé, èmi àti ẹja kan. Ẹja wà nínú àmù, èmi wà lórí ẹní. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè èwo nínú wa ló ráyè yí ara padà jù, màá ní ẹja ni, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ló mú ẹja náà. Àrọ̀ ni. Kò ju ìka ọwọ́ mi lọ nígbà tó kó sínú ìgèrè tí ọkọ mi dẹ sódò, ìgèrè ọ̀hún sì ti gé irùngbọ̀n rẹ̀ kan lápá òsì. Dípò kó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀, ó gbé e wálé, ó sọ ọ́ sínú àmù omi mímu wa kó lè máa jẹ tanwíji. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe nílé ìyá mi ní Èrìò. Lọ́dún yẹn, ogun ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń ru igi wálé. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ mi gbé ìbọn rẹ̀, ó lọ sí ibùdó. Bó ṣe ń jáde lọ, ó ní kí n má fún ẹja ní oúnjẹ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó dùn jù ú lọ tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọkàn mi, n kò rí.

Irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé. A sin ìyẹn. Wọ́n fá orí mi, wọ́n fún mi ní aṣọ kan tí mi ò gbọdọ̀ pààrọ̀, wọ́n sì ní kí n jókòó. N kò gbọdọ̀ lọ sódò, n kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà, n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àfi kí n lọ sẹ́yìnkùlé. N kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, n kò sì tíì bímọ.

Ilé yẹn ní òfin kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Ohunkóhun ẹlẹ́mìí tí òkú bá fi sílẹ̀ ní yàrá, opó ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò jáde. Ọkọ ẹlòmíràn á fi adìẹ sílẹ̀ tàbí àgbò. Tèmi fi ẹja sílẹ̀. Bí ohun náà bá yè, wọn yóò tẹ́ pákò àwọn àbúrò ọkọ síwájú opó lọ́jọ́ ìjáde, pákò ẹni tó bá sì mú ni yóò fẹ́. Bí ó bá kú, a jẹ́ pé ọwọ́ opó kò mọ́. Kò ní yan ẹnikẹ́ni, ẹni tó kàn ni yóò mú un.

Ẹni tó kàn ni àbúrò ọkọ mi kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò fi lọ sógun. Ẹsẹ̀ náà kì í dùn ún bí wọ́n bá gún iyán. Ìyàwó méjì ló ní, àwọn méjèèjì sì ti mọ bí a ti í máa fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri bó bá wà nílé. Mo mọ̀ pé ọkọ mi ló yẹ kí n máa pè é, bí aya ilé ti ń pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wọlé wá, á ṣí àmù, á wo ẹja, á sì gbójú sókè wò mí bákan náà. Ó ní bí ó bá di ọjọ́ ìjáde mi, ẹja náà á ti tó sè.

Nítorí náà ni mo fi sin ẹja yẹn bí ẹni sin ọba. Ekòló ni mo ń fún un, èyí tí mo bá wà lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ikán bí mo bá rí. Ẹ̀kọ ni mo kọ́kọ́ ń rún sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ a máa mú omi kan. Mo kọ́ pé a kì í da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan, ìlàjì là ń pààrọ̀, ìlàjì tó kù ni yóò bá tuntun mọ ara wọn. Bí omi bá ti ń bàjẹ́, ẹja á máa sáré gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì lemọ́lemọ́. Bí omi bá dára, á kàn gòkè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á tún padà sísàlẹ̀, á máa yí po. Mo mọ ìyípo rẹ̀ ju bí mo ti mọ ojú ọkọ mi lọ. Òkúta ni mo gbé lé ìdérí, torí àrọ̀ kì í gbọ́ran, ó lè fò jáde kó sì fi àyà rìn nílẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ìyá ọkọ mi ló ń pọn omi fún wa, nígbà tí n kò lè lọ sódò. Àgbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n. Eyín iwájú wọn ti ká, wọ́n sì ń fi èrìgì ẹ̀gbẹ́ jẹ pákò láti àárọ̀ títí di alẹ́, débi pé pákò wọn kì í rí bíi ti ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ sí, á dà bí ọkọ́ tó ti jẹ tán. Wọ́n á da omi sínú àmù, wọ́n á ní èmi àti ẹja ń mu omi ju ẹṣin lọ, wọ́n á sì jáde. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi. Ọmọ wọn ti kú, èmi wà níbẹ̀ tí mo ń jẹun.

Ọyẹ́ wá mú lọ́dún náà bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Ẹja kò jẹun mọ́. Ọjọ́ kẹta tí kò jẹun, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àmù, kò yí po, ekòló sì ń kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Kò sẹ́ni tí mo lè bi léèrè. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn jẹ́ ohun tí kò ní wá sọ́kàn ọmọ Ìdó-Ilé kankan. Èrìò ni wọ́n ti bí mi. Nítòsí wa níbẹ̀ ni omi Ìkọ́gòsì ti ń jáde pẹ̀lú ooru láti inú òkúta, tí omi tútù kan sì ń wá pàdé rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́, a máa ń jókòó síbi tí méjèèjì ti pàdé, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á máa gé wa lẹ́sẹ̀ jẹ. Lójú wa, omi gbígbóná ni ilẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ̀dá. Mo dáná, mo gbé ìkòkò lé e, mo sì da omi náà sí ẹja mi lórí.

Ó fo sókè, ó forí gbá ẹ̀gbẹ́ àmù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó yí ikùn funfun sókè. Mo tọwọ́ bọ omi, kò tilẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo pè é, bí ẹni pé àrọ̀ ń jẹ́ ìpè. Mo dé àmù padà, mo gbé òkúta lé e, mo sì jókòó tì í. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n gbé irun ọkọ mi dé lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ọkọ mi ti kú, ṣùgbọ́n ikú ẹja ló fi mí fún ẹlẹ́sẹ̀ dídùn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá ọkọ mi gbé omi wọlé. Wọ́n ṣí àmù, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wo ààrò tí eérú rẹ̀ ṣì gbóná, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n fi igbá gbọ́n díẹ̀ nínú omi àmù, wọ́n fi ewé bo igbá, wọ́n gbé e jáde. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé. Mo rò pé àwọn àgbà ilé ni wọ́n ń gbé e lọ hàn, mo sì ń retí ìró ẹsẹ̀ wọn. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní àwọn ń lọ wa iṣu lóko. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, wọn kò mú iṣu kankan, ìkòkò omi ni wọ́n rù, ìró aṣọ wọn tutù dé orúnkún. Wọ́n da omi náà sínú àmù, mo sì gbọ́ tí nǹkan kan bá omi já bọ́. Nígbà tí wọ́n jáde tán mo ṣí i. Àrọ̀ kan ń yí po níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ kéré sí tèmi, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pé lọ́tùn-ún lósì.

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àbúrò ọkọ mi ṣí àmù, ó wò ó, ó ní ẹja yìí mà ń tóbi o. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ pákò wọn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní oṣù kẹta. Àrọ̀ gbóòórùn òjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ń gbá ìdérí, gbà, gbà, láti òwúrọ̀. Èmi ni mo gbé òkúta kejì lé e. Mo jókòó lórí ẹní, mo ń gbọ́ ọ, inú ń bí mi sí ara mi, n kò sì lè ṣí i.

Ọjọ́ ìjáde pé. Wọ́n yẹ ẹja wò, ó yè. Wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀ níwájú mi. Mẹ́ta ni àwọn àbúrò ọkọ mi: ẹlẹ́sẹ̀ dídùn, èyí tó wà ní ibùdó tí wọ́n bá a fi pákò sílẹ̀, àti àbíkẹ́yìn tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Pákò mẹ́rin ló wà lórí àtẹ. Ọ̀kan kúrú, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti jẹ ẹ́.

Olórí ilé béèrè ẹni tó ni ẹ̀kẹrin.

"Tèmi ni," ni ìyá ọkọ mi wí.

Ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ní obìnrin kì í ṣú opó. Ìyá ọkọ mi kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi ló kú. Bí a bá ń pín ohun tó fi sílẹ̀ nínú ulé yìí, mo wà níbẹ̀."

Àwọn àgbà jiyàn títí oòrùn fi kúrò lójú àgbàlá. Kò sẹ́ni tó rántí òfin tó gbà á láàyè, kò sì sẹ́ni tó rántí èyí tó kọ̀ ọ́. Nígbẹ̀yìn olórí ilé ní kí n mú èyí tó wù mí. Èrìò ló wù mí. Èrìò kò sí lórí àtẹ. Mo mú pákò kúkúrú.

Lọ́jọ́ kejì ni èmi àti ìyá ọkọ mi gbé ẹja lọ sódò nínú igbá. Ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn tí mo rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ láti oṣù mẹ́ta, itan ń ro mí. Mo kúnlẹ̀ létí omi, mo sì ń rò ó bóyá ó yẹ kí n ṣàdúrà fún ọkọ mi.

"Èyí kọ́ ni ẹja ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀, ùwọ náà mọ̀. Jẹ́ kó lọ."

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní ọjọ́ orí àwọn kò tó tèmi nígbà tí àwọn náà jókòó opó, ẹja tàwọn kú, ẹni tó kàn ló sì mú àwọn. Wọ́n tún ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, omi ti wúwo, àwọn sì nílò ẹni tí yóò máa pọn ọ́n.

Mo tẹ igbá sínú omi. Ẹja jáde. Odò gbà á láàyè níwá lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó yí po ní ojú kan, ó yí po, bí inú àmù mi ti fẹ̀ tó gẹ́lẹ́. Inú bí mi sí i. Mo fi ọwọ́ gbá omi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún yí po lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ abẹ́ gbòǹgbò lọ.

Ibi odò yẹn ni ọ̀nà ti pín. Ti Èrìò wà lápá ọ̀tún, mo sì rí i kedere, òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá ọkọ mi ti ń lọ níwájú, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Mo pọn omi kún igbá, mo gbé e rù, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ sílé.