Módẹ́ẹ̀mù Inú Láptọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Òórùn òróró ìpara tó ń ta bíi ata ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí pálọ̀ wa ní Fẹ́sítáàkì nígbà yẹn, òróró tí màmá mi fi ń ra apá ọ̀tún bàbá mi láràárọ̀. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ó mú apá, ó sì mú ohùn lọ. Ọpọlọ wọn pé, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ èsì kò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Bí àbúrò mi obìnrin bá pè láti òkè òkun, a ó gbé fóònù sí wọn létí. "Dádì? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Èémí nìkan ló ń dá a lóhùn, títí yóò fi bú sẹ́kún.

Ìyẹn ló jẹ́ kó fi láptọ́ọ̀pù tó ti lò ránṣẹ́, kí Dádì máa fi ọwọ́ òsì tẹ ímeèlì sí i. Ó ní módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gba wáyà fóònù wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ti wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti nu gbogbo nǹkan inú láptọ́ọ̀pù náà kúrò kó tó fi ránṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó fi módẹ́ẹ̀mù hàn án sì ti bá a lọ. Ohun kan náà ló ń kọ sójú rẹ̀ ṣáá: kò rí módẹ́ẹ̀mù kankan. Mo ní kí Dádì tẹ ọ̀rọ̀ wọn, kí n fi dísíìkì gbé e lọ fi ránṣẹ́ ní káfé íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún: "Èmi àti ọmọ mi nìkan." Mi ò dá a lábàá mọ́.

Ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin wò ó, ó ní, "Ó ti kú, àǹtí. Ẹ lọ ra òmíràn."

Mi ò gbà. Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà lórí tábìlì ìjẹun. Módẹ́ẹ̀mù náà kò tó páálí ìṣáná, nọ́ńbà wínníwínní sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Dádì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nà án sí mi. Mo fi ka nọ́ńbà náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba káfé lọ. Ètò tí mo kọ́kọ́ rí kò bá a mu. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, mo pín in sínú dísíìkì mẹ́rin. Ọ̀kan bàjẹ́, mo tún padà lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, orúkọ módẹ́ẹ̀mù náà yọ lójú láptọ́ọ̀pù. Mo ki wáyà fóònù bọ̀ ọ́. Ó han, ó kùn, ó dún bí ẹni ń họ páànù, ó wá dákẹ́. Ó ti wọlé.

"Ẹ ṣeun, Jésù," màmá mi wí.

Dádì wò mí, wọ́n sì wo ilẹ̀kùn. Mo mú màmá mi lọ́wọ́, a jáde sí bákónì. A ń gbọ́ ìka kan ṣoṣo tó ń tẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń tẹ̀.

Wọ́n lo ọdún méjì sí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi sọ fún mi pé gbogbo lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ òun. "Ṣé ẹ fẹ́ kà á?" Mo ní rárá. Ó yà á lẹ́nu, bóyá ó ń ya ìwọ náà lẹ́nu. Àwa là ń wẹ̀ wọ́n, àwa là ń bọ́ wọn, àwa là ń dáhùn bí àlejò bá béèrè ara wọn lójú wọn. Nínú gbogbo ayé wọn nígbà yẹn, àwọn lẹ́tà yẹn nìkan ni kò gba ọwọ́ wa kọjá.