Ewé Inú Pálọ̀ Mi àti Ológbò Ìyá Mi

Ọjá ìkookò ni wọ́n ń pè é nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló ń hù sí, ewé gígùn tó le, tó nà ró ṣánṣán, kò sì sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Nígbà tí mo dàgbà tán tí mo wá ń gbé Ìkòròdú, mo tún rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, nínú ìkòkò funfun. Wọ́n ti fún un lórúkọ òyìnbó, wọ́n ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Mo rà á. Ohun tí mo ń fi àdá bẹ́ dànù lọ́mọdé ni mo fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wálé, tí mo sì ń nu ewé rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń nu mọ́tò ọ̀gá.

Ojú ìyá mi ló gbé ológbò wọ ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan funfun kan ti ń bo ojú wọn bọ̀ láti ọdún pípẹ́, débi pé ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Nígbà tí ìyá mi gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà ní kí ẹran ọ̀sìn má sún mọ́ wọn títí ojú á fi jinná. Ológbò funfun kan ni wọ́n ń sìn. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ìdí ẹsẹ̀ wọn ló ń sùn. Bí wọ́n bá jí kírun àsùbáà, òun náà á jí. Ìyá mi kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀, èmi ni wọ́n gbé ológbò fún.

Kí n tó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Mo gbọ́ pé o gbin ewé sínú pálọ̀. Ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màámi, ọjá ìkookò ni. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ yín ló kún sí. Ṣé ó ti ṣe é ní nǹkan rí?"

"Kò jẹ ẹ́ rí ni. Òun nìkan ni mo ní nínú ilé yẹn o."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, mi ò wo fóònù, èmi tí mo máa ń wo fóònù kí n tó se ẹ̀wà.

Ohun tí mi ò rò ni pé ní Ẹ̀pẹ́, ológbò náà ń jáde, ó ń rí koríko tútù jẹ nígbà tó bá wù ú. Lọ́dọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà sọnù, ewé kan ṣoṣo ló sì wà nílé. Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo bá ewé tó ti di jákujàku, ológbò ká jọ sábẹ́ àga, itọ́ ń yọ fóòmù lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà. Gbogbo ìwé tí mo kà sá fún mi, ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa nìkan ló kù lórí mi: ẹni tó bá jẹ májèlé, epo pupa ni kí ẹ fún un mu. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Mo fi táwẹ̀lì wé ológbò, mo ya ẹnu rẹ̀, mo dà á. Ó ha mí lápá, ó ha mí láyà. Ìwọ̀nba ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu; a pín ìyókù, èmi, òun, àti kọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ló bì sórí rọ́ọ̀gì.

Mo sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú.

"Kí ló jẹ?" obìnrin náà bi mí. Mo fa ewé yọ lápò.

"Kí lẹ fún un?"

"Epo. Díẹ̀ ni."

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mi látòkè délẹ̀. Ó ní ewé yẹn kò dára fún ológbò, ó máa ń jẹ́ kó da itọ́, kó bì, kó sì yàgbẹ́ gbuuru, àmọ́ díẹ̀ rẹ̀ kì í sábà pa á. "Epo tiyín ló ń bà mí lẹ́rù. Epo kì í pa oró kankan. Tó bá gba ọ̀nà èémí lọ, wàhálà dé nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ nu ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wá." Ó fi nǹkan gbọ́ àyà ológbò, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rù ń bà mí gidi. Mo ń ro ohun tí màá sọ fún ìyá mi.

Ó yè. Mo gbé ewé síta, mo fi ọṣẹ fọ ológbò, mo tún un fọ̀. Ẹni tí epo bá ti ta sí láṣọ funfun rí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí lórí fídíò pé iṣẹ́ abẹ ti parí, wọ́n sì ti ṣí ojú ìyá wa. Inú mi dùn, mo gbé ológbò sókè síwájú fóònù pé kí wọ́n wò ó. Èmi tí mo ń gbàdúrà kí ojú wọn là, mi ò ronú pé ó lè là lóòótọ́.

"Ta ló fi epo kùn ún lẹ́nu?"

"Ọbẹ̀ ló jẹ, Màámi."

"Kì í jẹ ọbẹ̀."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín débi pé fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ tòsí, mo sì gbé e sún mọ́ ológbò.

"Kì í ṣòun. Ìwọ."

Mo gbé e síwájú ojú mi. Wọ́n wò mí, wò mí.

"O ti hewú," ni wọ́n wí. "Títí kan irùngbọ̀n rẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mo fẹ́ fi ṣàwàdà, mo fẹ́ sọ pé ológbò yín ló fún mi ní gbogbo ewú yìí. Mo fi àwàdà náà sílẹ̀. Mo kàn di fóònù mú síbẹ̀, ológbò elépo lẹ́nu lórí itan mi, kí ìyá mi lè wò mí tẹ́rùn.