Ọjọ́ Tí Dùùrù Kò Dún fún Ìdúpẹ́ Ogun

Kékeré ni mo ṣì wà ní Iléṣà nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé dùùrù lílù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó ti lù ú fún àwọn òyìnbó nílùú wọn kó tó padà wálé. Láàárín ọ̀sẹ̀, á máa lu àwọn orin gígùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀, àwa ọmọdé á jókòó sídìí ògiri, a ó máa jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun ló ń lu dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ohùn tẹ́nọ̀, ohùn òkè àwọn ọkùnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí wọ́n wá ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ sójà, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn tẹ́nọ̀ yòókù jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ. A kò gbúròó wọn mọ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn ọ̀gá sójà jókòó níwájú. Àlùfáà kéde pé wọ́n ti gba ìlú kan lọ́wọ́ ọ̀tá, kí gbogbo ìjọ dìde kọrin ọpẹ́. A dìde. Dùùrù kò dún. Bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà ìjọ, rìn lọ bá a.

"Bàbá, ìjọ ń dúró dè yín o."

"Wo àga àwọn tẹ́nọ̀. Ta ló kù níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ wo àwọn tó jókòó níwájú."

"Mo rí wọn. Àwọn tí wọ́n pa ní ìlú ọ̀hún náà, ẹnì kan ló kọ́ wọn lórin. Bí ẹ bá fẹ́ orin ìsìnkú, mo wà níbí."

Ó pa dùùrù dé, ó jáde. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu mi, bẹ́ẹ̀ n kò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń wá béèrè rẹ̀ nílé wa. Bàbá náà ní òun ò lè gbé ilẹ̀ tí a ti ń fi ikú ọmọ ọlọ́mọ dúpẹ́. Ó fẹ́ wọ rélùwéè ní Òṣogbo lọ sí Èkó, kó wọ ọkọ̀ òkun níbẹ̀ padà sílùú àwọn òyìnbó. Bàbá mi ló bá a gbé ẹrù dé ìdí rélùwéè, mo sì tẹ̀ lé wọn. Sójà kan tó ń tú ẹrù èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá arúgbó, ẹ̀ ń sá fógun ni? Ta ló fẹ́ fi irú yín ṣe sójà?"

"Mi ò sá fún un, ọmọ mi. Mo kọ̀ ọ́ ni."

Mo di aṣọ bàbá mi mú. Sójà náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ tètè wọlé, bàbá. Ẹ bá wa gbàdúrà."

Ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún ni bàbá onídùùrù náà kú sí. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò padà. Títí bàbá mi fi kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó sìn dé ìdí rélùwéè.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń jókòó ní pálọ̀ mi, ẹ ń pariwo ọ̀rọ̀ ogun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù: "Tó bá máa dìjà, kó dìjà!" Ó dára pé ẹ lè sọ ohun tó wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń dìde lọ ti ilẹ̀kùn bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, kódà lọ́sàn-án gangan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn: mo ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá béèrè bàbá náà.