Ọpẹ́ Tí N Kò Rán

Ẹsẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ kan ló sọnù lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Abẹ́ àga tí mo jókòó sí ló wà, ẹsẹ̀ mi sì ti tì í dé ìdí ògiri. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà, ẹsẹ̀ kejì lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó ń retí kí n gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú.

"Dádì, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ tì í síta."

Mo tì í síta. Mo bi í pé níbo ló ń lọ nígbà tí aago méje kò tíì lù. Ó ní òun ń lọ sí Kémta, sí ilé Alhájì tó ń ta aṣọ, láti lọ dúpẹ́ àkàbà tí wọ́n yá wa lánàá. Mo ní mo ti dúpẹ́ nígbà tí mo gbà á, mo sì tún dúpẹ́ nígbà tí mo dá a padà.

"Àná lẹ dúpẹ́ yẹn," ó ní. "Ti òní ló kù."

"Ṣé bí a bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á fi àkàbà náà ta wá lọ́rẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kí n tó ka ojú ìwé eré ìdárayá tán, ó ti dé. Lọ́sàn-án, ó ní orí ń fọ́ òun. Nírọ̀lẹ́, Alhájì fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ìyàwó mi ti kú. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìrọ̀lẹ́ náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, "ẹ ṣé" tí a sọ lọ́jọ́ oore kò tíì kà. Èyí tó kà ni èyí tí ènìyàn jí gbé lọ sí ilé olóore lọ́jọ́ kejì, kó tó bọ́jú dáadáa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Tíṣà girama ni mí, mo sì ti kàwé dé ibi tí ó ti ń ṣe ènìyàn bíi pé òun gbọ́n ju àwọn òbí òun lọ. Lójú mi, "ẹ ṣé" kan ṣoṣo tí a sọ dáadáa ti parí ọ̀rọ̀. Ìrìn àárọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé mo wà lára àwọn tí kì í ṣe àlùfáà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbà láyè láti wàásù ní ìjọ wa ní Ìjẹmọ̀. Kò sí ìwàásù tí mo fẹ́ràn tó ti àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn padà wá dúpẹ́. Ọdọọdún ni mo ń wàásù rẹ̀. Mo máa ń na ìka sí ìjọ, mo máa ń bi wọ́n pé mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó mi, tó máa ń jókòó sórí ìlà kẹta láàárín Ẹgbẹ́ Ìyá, ti máa ń wúkọ́. Ọdún méjìlélógún la fi jọ gbé, n kò gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nílé rí.

Ọlọ́run ní tirẹ̀, ó rọrùn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í gbé Kémta. Kò ní ajá lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò yọjú láti ìjẹta. Mo mọ ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Àwọn àgbẹ̀ abọ̀rìṣà kan ni wọ́n fi ọwọ́ fà á jáde. Ó jó dé iwájú pẹpẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ náà, ó ra àpótí bísíkíìtì fún ìjọ, kò sì padà dé abúlé yẹn láti kí ẹnikẹ́ni. Mo bú u nílé títí. Ìyàwó mi kàn ń wò mí ni.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìsìnkú rẹ̀, a ṣe ìdúpẹ́. Mo jó. Ẹ má bi mí bí ọkùnrin ṣe ń jó nítorí pé aya rẹ̀ kú. Àwọn akọrin ń kọrin, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ ń lọ. Ẹgbẹ́ Ìyá ti ka ohun tí mo ní láti dúpẹ́ fún sí mi létí: kò pẹ́ lórí àìsàn, ojú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe jáde ìwé, òjò kò rọ̀ sí ibojì. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n dúpẹ́ pé Sátidé ló kú, tí kò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́. Mo dúpẹ́ ìyẹn náà. Nígbà tí mo padà sílé, mo gbà pé mo ti dúpẹ́ tán. Àwọn ọmọ padà sí ibi iṣẹ́ wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó jáde lọ sí Èkó láti lọ wo ọmọ mi obìnrin. Ìgbà yẹn ni àwọn sójà ń fi tipátipá mú gbogbo ènìyàn tò sórí ìlà. Ní gáréèjì Kútọ̀, bí o bá kúrò lórí ìlà láti lọ tọ̀, ẹ̀yìn pátápátá lo máa padà sí. Ẹni tó wà níwájú mi ni káfíńtà àdúgbò wa, tó kan pósí ìyàwó mi. A kíra, lẹ́yìn náà a jọ ń wo ìdí bọ́ọ̀sì kan. Mo rí i pé nǹkan ń jẹ ẹ́ nínú.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o," ó ní níkẹyìn. "Ṣé pósí yẹn kò tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun kò kan ohunkóhun fún mi rí tí n kò ránṣẹ́ ọpẹ́ sí òun lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ rántí ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín? Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí Màmá fi dé. Wọ́n ní ẹ ní kí àwọn wá sọ fún mi pé ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yín, kò sí ilẹ̀kùn tó ń pa dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti ṣí i, ẹ ti tì í, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní, wo ọ̀gá tó kàwé tó báyìí, ó ń fi ilẹ̀kùn mi ṣeré."

Títí di ìgbà tó sọ ọ́, n kò mọ̀ pé ilé ìdáná wa ní ilẹ̀kùn tuntun.

Ó ń kà wọ́n lọ: fèrèsé, àga ìnàyìn, kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti ránṣẹ́ lórí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ dídùn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Sójà kan fi pàṣán júwe pé ká sún síwájú, mo sún. Ó wá yé mi pé ìyàwó mi kò rin ọ̀kan nínú ìrìn àárọ̀ yẹn ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ti dá ọkùnrin kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, onírẹ̀lẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn, tí ojú rẹ̀ ń rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó sì fún un ní orúkọ mi. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn ọkùnrin náà. Èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n.

Mo rò ó lórí ìlà bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ti bá ìjọ wí lórí irọ́ tó kéré sí èyí. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin tó ń gba ara Olúwa lóṣooṣù fi ń jí lọ parọ́ kí oòrùn tó yọ. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè lọ́run, ó dá mi lójú pé yóò ní èmi ni mo rán òun.

"Pósí náà dáa," mo sọ fún káfíńtà.

Ó ń wò mí, ó ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Ẹni tí ìbá wá bá a dúpẹ́ pósí náà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kò burú, ó kọjú síwájú.

Ohun tí mo ń rò nínú bọ́ọ̀sì títí dé Èkó kò ju ẹyọ kan lọ. Bí mo bá jókòó sílé bí mo ṣe ń jókòó, ọkùnrin tí ìyàwó mi dá sílẹ̀ yóò kú tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn yóò ní ọ̀fọ̀ ló bà á jẹ́, wọ́n á sì ṣàánú mi. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo pa á. Mo rántí Alhájì. Ní ọsibítù, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní ẹ ṣé. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà. Lọ́jọ́ kejì ìpadàbọ̀ mi, mo jí ní aago márùn-ún àbọ̀. N kò gbàdúrà. Mo mọ ara mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run dípò Alhájì, n bá sì padà sùn. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo gba ọ̀nà Kémta, mo ń to gbólóhùn lọ́nà. Àkọ́kọ́ gùn jù. Ìkejì dà bí ìwàásù. Mo tilẹ̀ rò ó kí n ní ìyàwó mi ló rán mi, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ilé wa ti pa irọ́ tó.

Alhájì ti kírun àsùbáà tán, ó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi.

"Tíṣà. Ṣé kò sí o?"

Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, gbogbo gbólóhùn mi sì sá lọ.

"Alhájì, mo wá dúpẹ́. Oúnjẹ lẹ ń jẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́, ẹ gbé wa."



"Ẹ̀wà ni," ó ní. "Ó ti tutù nígbà tí mo dé. Dìde, Tíṣà. Kò tó ọpẹ́."

Mo dìde. Ó béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè ọjà, ó bú ìjọba díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo dé ìkóríta, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. N kò yà sílé. Mo gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo ń wá ohun tó dáa tí ènìyàn lè sọ nípa pósí.