Àgádágodo Tí Mo Fi Ti Ilé Ìkàwé

Ọdún tí ìbòmú kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn ni àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré yanṣẹ́ lódì. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń kọ ebè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí, wọ́n ti sọ fún yín pé a borí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò sọ ìyókù, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Èmi ni mo ń tọ́jú ilé ìkàwé kékeré kan ní Emùré nígbà náà. Yàrá kan ni, tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, eruku ló sì ń ka ìwé wa ju ènìyàn lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá àgbà kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé láti oko, ó gbé páálí oògùn ka iwájú mi. Màmá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ùwé ni uṣẹ́ rẹ. Bá mi ka tèmi."

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo bi í bó ṣe ń lò ó. Ó ní ìgbà tí orí bá ń fọ́ òun ni, pé bó bá sì tán, òun a tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, nítorí pé funfun ni tiẹ̀ náà. Mo ní kó bá mi mú páálí ti aládùúgbò wá. Nígbà tó gbé e dé lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, oògùn àtọ̀gbẹ ni mo bá níbẹ̀.

Bí tábìlì oògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bí àwọn ará oko bá ti ta ẹrù wọn tán, wọn a yà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú páálí oògùn àti káàdì ilé ìwòsàn. Màá ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn lédè tiwa, màá ya oòrùn sára páálí fún ti àárọ̀, màá ya òṣùpá fún ti alẹ́. Èyí tí kò bá yé èmi náà, màá pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Òfin kan péré ni mo fi lélẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó dìde: "Oògùn tí Àǹtí kò bá tíì kà sí mi létí, n kò ní í gbé e mì." Màmá Dúpẹ́ ló máa ń pariwo rẹ̀ jù, a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín bó bá ti sọ ọ́ tán.

Nígbà tó yá, àjọ kan kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, lórí bí a ṣe ń ran ará ìlú lọ́wọ́ láti mọ ohun tó kan ìlera wọn, pàápàá àwọn tí kò kàwé àti àwọn tí oko wọn jìn. Inú mi dùn débi pé mo rán aṣọ sílẹ̀. Orúkọ jáde, kò sí ẹnì kan láti ìhà tiwa. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì tí kò to ìwé sórí pẹpẹ rí ni wọ́n kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n sì gbé báàgì tuntun bọ̀.

A tọ ọ̀gá tó ń ṣàkóso wa lọ. Kò tilẹ̀ ní ká jókòó.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń nu eruku ara ìwé, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìlera ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ máa gún abẹ́rẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ara páálí oògùn la fẹ́ máa kà. Ta ló ń ka tiyín fún yín?"

"Èmi mọ̀wé kà."

"Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà ńkọ́, sà?"

Ó ní ká jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A pe ìpàdé ẹgbẹ́. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wá sí ìlú tiwa, kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá, kí àwọn ará oko náà sì jókòó níbẹ̀. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ará Ìkẹ́rẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́ ènìyàn ni. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé láéláé.

Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan sílẹ̀ nídìí tábìlì oògùn yẹn. Àwọn ará oko ò bá wa jà."

Mo fò dìde. "Alága, ìyanṣẹ́lódì tó bá ṣí fèrèsé sílẹ̀, eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ ká tì í pa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbádùn àtẹ́wọ́ náà, mi ò ní í purọ́.

Ọjọ́ Ajé la fi í sí. Kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì la wò, kò sẹ́ni tó ka ọjà nínú wa, bẹ́ẹ̀ ọjà ni àwọn tí a tìtorí wọn jà fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ Ajé náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ti àgádágodo náà láàárọ̀ kùtùkùtù, mo ju kọ́kọ́rọ́ sí báàgì, mo wọkọ̀ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi.

A kọrin, a gbé páálí dání, oòrùn pa wá, òjò pa wá. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n máa wò wá, pé ebi ni yóò lé wa padà. Ebi kò lé wa. Ọjà mẹ́ta ná kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohun tí a béèrè, a sì jó padà wálé.

Nígbà tí mo dé láti ṣílẹ̀kùn, Ìyá Ràfíù tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ọ̀kánkán wa kò kí mi kú oríire.

Ó ní, "Ìyá tó máa ń fi ọ̀pá tilẹ̀ yẹn wá lọ́jọ́ tí ẹ tìlẹ̀kùn. Orí àtẹ̀gùn yìí ló jókòó sí títí oòrùn fi wọ̀. Ó tún wá lọ́jọ́ ọjà kejì. Mo ní kó mú oògùn rẹ̀ wá kí Ràfíù bá a kà á. Ó ní rárá, òun ti ṣèlérí fún Àǹtí."

"Ọjọ́ ọjà kẹta ńkọ́?"

"Kò wá."

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí oko. Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Oògùn àtijọ́ ti tán. Èyí tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Dúpẹ́ ní, "Nọ́ọ̀sì sọ bó ṣe máa lò ó. Gbogbo ulé la bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, pé òun á dúró dè yín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó fi odindi ọjà méjì ṣe ohun tí mo kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru kọjá ààlà. Orí ẹní ni mo bá a, rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún, ẹnu ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú páálí kan jáde, ó nà án sí mi. Kò tíì ṣí i.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wáyé ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ará oko ló jókòó síwájú. Ó dára, mo sì kọ́ ohun púpọ̀ níbẹ̀. Tábìlì oògùn ti wà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi wà nínú àpótí, mi ò gbé e kọ́ rí. Màmá Dúpẹ́ kò rí iṣu tuntun ọdún náà.

Bí ẹ bá fẹ́ yanṣẹ́ lódì lọ́la, ẹ yàn án lódì. Mi ò kábàámọ̀ ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọjà kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ sì fi ẹnì kan sílẹ̀ nídìí tábìlì. Alága Ajíbóyè ti sọ ọ́, èmi ni mo fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti kú báyìí, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ.

Lọ́jọ́ tí Màmá na páálí náà sí mi, mo jókòó ti ẹní rẹ̀, mo ka páálí náà sí i létí: hóró kan láràárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, má ṣe dá a dúró. Mo ya oòrùn sí ara rẹ̀. Kò gbà mí ní àkókò ju èyí tí mo fi ti àgádágodo yẹn lọ.