Orí Ẹja Ni Ti Ràṣí

Aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí òórùn ẹja díndín wọ yàrá wa n'Ísọlọ̀ kí ẹni tó gbé e lọ́wọ́ tó wọlé. Mo ti mọ̀ pé Ràṣí àbúrò mi ni. Kò sí ẹlòmíì tí lọ́fínńdà ara rẹ̀ máa ń bá ẹja jà. Ó wọlé tòun ti ṣéènì ọrùn rẹ̀, ó kun irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì fi gíláàsì dúdú sójú nínú yàrá tí kò níná.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo fẹ́ràn àbúrò mi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìkórìíra ni nǹkan tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹ̀gàn ni. Mo ti ro ó dáadáa, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí mo nu ikun imú fún títí ó fi wọ ilé ìwé, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà nítorí pé ó ní tábìlì kan tó ti ń tún fóònù ṣe ní Àgọ́ Palace, ṣé kí n kúnlẹ̀ kí i ni?

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Èmi ni àkọ́bí màmá wa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ràṣí ni gbogbo ará ilé wa, títí dé àwọn oníbàárà l'Áswani níbi tí màmá wa ti ń ta àǹkárá, ti ń pè wọ́n ní Ìyá Ràṣí. Mo lọ yunifásítì, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo padà wálé, Ìyá Ràṣí náà ni. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Orúkọ tìẹ ti gùn jù. Ẹni tó ń sáré lọ́jà ò lè ráàyè pè é." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín báyẹn.

Bàbá wa kú nígbà tí Ràṣí ṣì ń rákò, nítorí náà àwa mẹ́ta la jọ wà nínú yàrá kan yẹn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí gbogbo ayé máa ń ya wá sí ọjà Aswani, a ó gba ilé ìwé lọ bá màmá. Èmi á máa ká aṣọ. Iṣẹ́ Ràṣí ni kó jókòó lórí ẹrù àǹkárá kí olè má gbé e. Oorun ló máa ń sùn lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan láti Ṣàgámù ra odidi ẹrù náà, alábàárù sì gbé e tòun ti Ràṣí lórí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ni Ràṣí jí, ó wo ilẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà rọra máa gbé òun, pé ó ń mi òun lórí. Irú ẹni tí mò ń sọ nìyẹn.

Nígbà tí Iléyá ọdún kan ku díẹ̀, màmá rán wa lọ ra bàtà ní ọjà Bọ́ládé. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fi í sílẹ̀, òun ló já a gbà. Mo sunkún kiri láàárín èrò, ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo máa rí i, ó ti dúró sórí àga onísálúbàtà kan, ó gbé sálúbàtà lérí, ó ń pariwo, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ẹ wá rà á o! Ẹni tí ò lẹ́sẹ̀, kó máa lọ!" Ọkùnrin tó ni ọjà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ dákú. Ràṣí rí mi, ojú ò tì í. Ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ ò rí wọn? Mo ṣáà sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ló sọnù."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn Jímọ̀, màmá máa ń din odindi ẹja kan fún àwa méjèèjì. Nílé wa, àbúrò ló ń pín, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹni tó ń pín mọ̀ pé tí òun bá fi ojúkòkòrò pín in, èyí tí kò dáa ló máa kù sílẹ̀ fún òun. Ràṣí á fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, á fi wọn ẹja bíi télọ̀, á dijú kan, á tún un wọ̀n. Ọbẹ̀ á ti tutù. Mo máa ń bú u.

Nígbà tó yá, kò wọ̀n ọ́n mọ́. Ó kàn gé orí ẹja sọ́tọ̀, ó kó gbogbo ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ mú." Mo wò ó pé orí ọmọ yìí ò pé. Mo mú ara ẹja. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ, mo sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwé pé òmùgọ̀ ni àbúrò mi. Ó wá di ọjọ́ kan tí àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí n jẹ́ kí òun náà jẹ ẹran ara ẹja, mo sì mú orí. Ha! Ràṣí figbe ta. Ó wọ́lẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ògiri, títí màmá fi sáré wọlé. Àṣé orí ẹja ló fẹ́ràn jù láyé yìí. Ojú rẹ̀, egungun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń fà mu. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ń gba èyí tó o fẹ́, òun ń gba èyí tó fẹ́. Ta ló wá ní kó o ṣàánú?"

Àǹkárá ti ń tà lórí fóònù báyìí, Bọ́ládé ò sì rí bó ṣe rí nígbà yẹn mọ́. Orúnkún màmá wa náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dókítà ní kí wọ́n má jókòó sọ́jà mọ́. Wọ́n pè wá, wọ́n ní ohun tí àwọn ní kò ju ìsọ̀ Aswani lọ, kí a pín in bí a ṣe ń pín ẹja. Ìdí tí Ràṣí fi wá lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Ó gbé ẹja sílẹ̀, ó yọ gíláàsì, ó ní, "Mo ti pín in o. Ìsọ̀ Aswani àti gbogbo aṣọ inú rẹ̀ wà lápá kan. Màmá wà lápá kejì, ẹni tó bá mú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á máa gbé. Àǹtí mi, ẹ mú."

Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ràṣí, ṣé èmi wá ni orí ẹja?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún mú.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, Ràṣí sì mọ̀. Mo rò ó pé ó ń fi ìsọ̀ ta mí lọ́rẹ ni, kí n lè rí nǹkan ṣe, kó sì dà bíi pé èmi ni mo mú un. Mi ò fẹ́ àánú ẹni tó sùn lórí àǹkárá dé ẹnu géètì. Inú ń bí mi débi pé láàárọ̀ yìí mo lọ bá a nílé láti sọ ọ́ sí i lójú. Kò sí nílé, aládùúgbò rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo bá bẹ́ẹ̀dì tuntun nínú yàrá. Ó ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kúrú kí ó má baà ga jù fún orúnkún màmá. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ, bíi gbogbo nǹkan tí Ràṣí bá gé. Igi ìgbálẹ̀ tó fi wọ̀n ọ́n ṣì wà nílẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń mi jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, mo sì sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni, àbí ìfẹ́, àbí nítorí pé mo rí i pé n ò tíì mọ àbúrò mi tán.

Ọ̀la ni ọjà Aswani, Ràṣí ń retí èsì mi. Tí mo bá mú ìsọ̀, màá níṣẹ́, ayé á sì ní mo fi aṣọ rọ́pò màmá mi. Tí mo bá mú màmá, mi ò ní nǹkan tí màá fi bọ́ wọn, màá sì tún gba orí ẹja lọ́wọ́ ọmọ tó sunkún nítorí rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ti pín nǹkan fún rí, tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: èwo ni kí n mú?